Ohun tí Máṣẹ́jú Kọ sí Ẹ̀yìn Fọ́tò

Máṣẹ́jú onífọ́tò, ẹni ọdún mẹ́tàlélọ́gọ́ta, lọ sí etí òkun ní ọjọ́ Àìkú tó kọjá, ó sì bá òpó símẹ́ńtì kéékèèké mẹ́rin ti àwọn awọnlẹ̀, tí wọ́n kùn ní ọ̀dà pupa, tí wọ́n rì mọ́lẹ̀ yí ibi kan ṣoṣo tó kù fún un ká. Ó gbé àpò kámẹ́rà rẹ̀ kalẹ̀, ó jókòó sórí àpáta pẹrẹsẹ tó wà níbẹ̀ títí omi fi kún dé ọrùn ẹsẹ̀ rẹ̀.

Máṣẹ́jú kì í ṣe orúkọ àbísọ rẹ̀. Ọ̀rọ̀ tó máa ń sọ fún ẹni tó bá ń yà ni àwọn ènìyàn sọ di orúkọ mọ́ ọn lára. Ó ti di ọdún méjìdínlógójì tó ti ń kó tọkọtaya tuntun, akẹ́kọ̀ọ́ tó gboyè, àti àgbàlagbà tó fẹ́ kí ọmọ rántí òun, kúrò láàrin ìlú lọ sí etí òkun. Ó mọ ibi tí àpáta ti là sí méjì tí oòrùn ìrọ̀lẹ́ ń gba àárín rẹ̀ yọ. Ó mọ ibi tí yanrìn ti funfun bí ìyẹ̀fun, àti ọjọ́ tí omi yóò fà tó kí ènìyàn tó lè fẹsẹ̀ rìn débẹ̀. Kò sẹ́ni tó fi wọ́n hàn án. Ẹsẹ̀ ni ó fi wá wọn rí, lọ́kọ̀ọ̀kan, títí bàtà fi jẹ tán ní gìgísẹ̀. Mẹ́jọ ni gbogbo wọn.

Ọ̀gá tó kọ́ ọ níṣẹ́ ló fi òfin kan lé e lọ́wọ́: "Fọ́tò tí kò ní àkọsílẹ̀ lẹ́yìn, lẹ́tà tí kò ní àdírẹ́sì ni." Nítorí náà, ẹ̀yìn gbogbo fọ́tò tí Máṣẹ́jú bá fọ̀ ló máa ń kọ ibi tó ti yà á sí, ọ̀nà tí wọ́n ń gbà débẹ̀, àti wákàtí tí omi ń fà. Ìkọ̀wé rẹ̀ dúró ṣánṣán bíi ti olùkọ́.

Ní ọdún mẹ́sàn-án sẹ́yìn, ọkùnrin kan tó wọ táì wọ ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, ó ní òun fẹ́ fọ́tò ńlá méje tí òun yóò gbé kọ́ sí ọ́fíìsì òun. Bó ṣe ń mú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, ẹ̀yìn ló ń wò ju iwájú lọ. Inú Máṣẹ́jú dùn ṣìnkìn. Ó ní, "Ẹni tó mọ iyì iṣẹ́ nìyí." Kò pé ọdún kan tí wọ́n fi mọ odi yí àpáta tó là sí méjì ká. Ìyẹn kò kọ ọ́ lóminú, ó ní ìlú ló ń gbòòrò. Ìgbà tí odi kẹta dìde ló tó yé e, ẹ̀pa ò sì bóró mọ́. Ojú rẹ̀ ni ibi keje ṣe di ilé ìtura, tí ẹ̀ṣọ́ ẹnu ọ̀nà ń bi í pé ta ló wá wò.

Ìkẹjọ ló wá kù. Kò ta fọ́tò ibẹ̀ fún ẹnikẹ́ni. Ọ̀kan ṣoṣo tó wà, pálọ̀ rẹ̀ ló wà: ìyàwó rẹ̀ tó ti di olóògbé ló dúró lórí àpáta pẹrẹsẹ náà, tó fọwọ́ di ìborùn mú kí atẹ́gùn má gbé e lọ. Orí àpáta yẹn ni Máṣẹ́jú ti ń lọ bá a sọ̀rọ̀. Ó ní itẹ́ òkú kò bá òun sọ nǹkan kan.

Ní oṣù tó kọjá, gíláàsì fọ́tò náà là. Ọmọbìnrin rẹ̀, aránṣọ tí wọ́n jọ ń gbé, bá a níbi tó ti yọ ọ́ kúrò nínú férémù, tó di bírò mú.

"Bàbá, kí lẹ̀ ń kọ?"

"Ẹ̀yìn rẹ̀ ti ń parẹ́. Mò ń tún un kọ kí n tó gbé e lọ fún oníférémù."

"Ẹ tún un kọ kẹ̀! Ibi méje ni wọ́n ti ẹ̀yìn fọ́tò gbà lọ́wọ́ yín. Mo bẹ̀ yín, ẹ pa á rẹ́."

"Oníférémù kì í ṣe onílẹ̀."

"Ṣé kò lójú ni?"

"Ó lójú. Ṣùgbọ́n awò méjì ló ń gbé léra kó tó rí ìṣó."

Àwọn méjèèjì rẹ́rìn-ín. Máṣẹ́jú sì kọ ọ́ tán.

Oníférémù kò ní ìkà nínú. Ó da fọ́tò náà dojú dé lórí tábìlì kí ó lè gé gíláàsì tuntun, ọjọ́ yẹn gan-an sì ni ọkùnrin onítáì wá gba férémù tirẹ̀.

"Ọ̀rẹ́ mi, mo ṣe bí oníbàárà ni mò ń bá ọ wá," ni oníférémù wí nígbà tí Máṣẹ́jú lọ bá a ní ọjọ́ Ajé. "Ẹ̀ẹ̀mejì ló kà á. Ó tiẹ̀ yin ìkọ̀wé rẹ."

"Ó máa ń yìn ín."

Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun, fóònù dún. Onítáì fúnra rẹ̀ ni.

"Bàbá, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. A fẹ́ kí ẹ bá wa ya ibì kan kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀, ká lè rí nǹkan fi han àwọn tó fẹ́ ra ilé. Ẹ̀yin lẹ kúkú mọ ìgbà tí omi ń fà."

"Àpáta pẹrẹsẹ kan wà níbẹ̀."

"A rí i, Bàbá."

"Ṣé ẹ lè fi ìyẹn nìkan sílẹ̀? Ẹ kọ́lé yí i ká."

Máṣẹ́jú gbọ́ bí ọkùnrin náà ṣe ń ṣí ìwé. "Ibẹ̀ ni ọkọ̀ ojú omi máa gúnlẹ̀ sí. Wọ́n máa fọ́ ọ ni."

Máṣẹ́jú ní kò burú, òun á wá.

Ọmọ rẹ̀ yọ abẹ́rẹ́ tó fi eyín dì mú. "Ẹ ó wá bá wọn yà á?"

"Bí mi ò bá lọ, ẹlòmíràn á lọ, á sì yà á níyàkuyà. Wọ́n ti fi ẹ̀ṣọ́ síbẹ̀ báyìí. Bí kì í bá ṣe iṣẹ́ wọn ni mo bá lọ, wọn ò ní jẹ́ kí n wọlé lọ bá ìyá rẹ."

"Kí lẹ ó kọ sẹ́yìn rẹ̀?"

Máṣẹ́jú gbé fọ́tò ìyàwó rẹ̀ sọ̀ kalẹ̀, ó yọ ọ́ kúrò nínú férémù tuntun, ó yí i padà, ó kà á bí ẹni pé ẹlòmíràn ló kọ ọ́: *Kọjá afárá onígi. Yà sí òsì. Dúró kí omi fà.* Ó dá a padà sínú férémù, ó gbé e kọ́ sí ipò rẹ̀, ó sì lọ nu kámẹ́rà.

Ní Ọjọ́bọ̀, ní aago mẹ́jọ àárọ̀, ọkọ̀ ilé iṣẹ́ náà yóò wá gbé e. Omi yóò fà kúrò lórí àpáta ní aago mẹ́wàá kọjá ogún ìṣẹ́jú. Àwọn afọ́kùúta yóò dé ní aago méjìlá.