Híítà Tí À Ń Máníìjì

Nígbà tí a fẹ́ ra ilé wa ní Temple Hills, nílùú òyìnbó níbí, ọkùnrin tó wá bá wa yẹ ilé náà wò kìlọ̀ fún wa nípa híítà tó ń mú omi gbóná. Ó ní ó ti gbó, ká má jẹ́ kó pẹ́ ká tó pààrọ̀ rẹ̀. Ọkọ mi dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ dáadáa. Bí ọkùnrin náà ṣe jáde tán, ọkọ mi ṣí omi, omi gbígbóná tú yàà, ó wá wò mí pé ṣé eléyìí ni wọ́n ní ká gbé jù nù. Èmi náà rẹ́rìn-ín. Ìbàdàn la ti dàgbà, àwa méjèèjì. Nílé tiwa, a kì í ju nǹkan nù torí pé ó gbó. Ìgbà tó bá kú là ń sin ín.

Híítà náà ò sì kú. Omi gbígbóná kàn bẹ̀rẹ̀ sí í tètè tán ni: ẹni tó bá kọ́kọ́ wẹ̀ á gbádùn, ẹni tó bá tẹ̀lé e á máa gbọ̀n. Nígbà tó yá, inú rẹ̀ ń hó kùtù-kùtù bí ìkòkò ẹ̀wà. Lẹ́yìn ìyẹn, omi rẹ̀ pọ́n, ó ń rùn bí irin tó dípẹtà. Bó ṣe ń fi àmì tuntun hàn wá, bẹ́ẹ̀ la ń rí àwáwí tuntun. Ọkọ mi á ní ká ṣì máa máníìjì ẹ̀. Orin rẹ̀ nìyẹn, èmi ni mo sì ń gbe ègbè.

Ìgbà tí mo bímọ ni Màámi wá láti Ìbàdàn láti bá mi wẹ ọmọ. Ẹni tó bá ti rí i bí ìyá àgbà ṣe ń wẹ ìkókó mọ̀ pé iṣẹ́ ńlá ni: omi lílọ́wọ́ọ́wọ́, kànìnkànìn, òrí, ká na apá, ká na ẹsẹ̀, ká ju ọmọ sókè díẹ̀ kó má baà di ojo. A fún Màámi ní yàrá ńlá tó wà ní bésíméǹtì, ìyẹn ìsàlẹ̀ ilé, torí ó ní balùwẹ̀ tirẹ̀ àti ilẹ̀kùn sí ẹ̀yìnkùlé. Híítà náà wà nínú kọ́lọ́fín kan nínú yàrá yẹn. Ihò wẹ́wẹ́ ló kún ara ilẹ̀kùn kọ́lọ́fín náà, kí híítà lè máa rí afẹ́fẹ́ fà.

Màámi bẹ̀rẹ̀, ó yọjú wo iná tó wà nísàlẹ̀ rẹ̀. Ó ní iná yìí pupa jù, pé iná sítóòfù tó bá dáa, búlúù ló máa ń jẹ́. Mo ní kẹrosíìnì kọ́ nìyí, gáàsì ni, ọ̀tọ̀ ni tibí. Mo sọ ọ́ bí ẹni tó mọ̀ ọ́n. Màámi dìde, ó padà sídìí ọmọ, torí nọ́ọ̀sì ni mí, ó sì gbà pé mo mọ̀ jù ú lọ.

Lọ́jọ́ Sátidé kan, Màámi ń din ata ọbẹ̀ lókè. Èéfín gba ilé kan, aláàmù èéfín àti gáàsì tó wà lẹ́sẹ̀ àtẹ̀gùn bésíméǹtì figbe ta. Kò sí ilé ọmọ Nàìjíríà tí mo mọ̀ ládùúgbò yìí tí aláàmù àti ata kì í ti í jà. Ọmọ ṣẹ̀ṣẹ̀ sùn ni. Ọkọ mi gun àga, ó já aláàmù náà lára ògiri, ó yọ bátìrì rẹ̀, ó jù ú sínú dúróọ̀ tí à ń kó ṣíbí sí. Ó ní tí ọbẹ̀ bá jinná, òun á dá a padà. Ọbẹ̀ jinná, a jẹ ẹ́ tán, a tún se òmíràn. Aláàmù ṣì wà láàárín ṣíbí.

Òtútù dé, mo padà sẹ́nu iṣẹ́ ní ọsibítù. Màámi bẹ̀rẹ̀ sí í sọ pé orí ń fọ́ òun. Mo yẹ ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò, ó dáa. Mo fi ẹ̀rọ kékeré tí à ń fi ka afẹ́fẹ́ inú ẹ̀jẹ̀ há a níka, ìyẹn náà ní kò sí ewu. Ohun tó yà mí lẹ́nu ni pé tí a bá ti lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, orí fífọ́ náà á lọ. Bó bá sì ti padà sísàlẹ̀, á tún bẹ̀rẹ̀. Ọkọ mi fi ṣe yẹ̀yẹ́ pé òde ló ń wu Màámi. Màámi ò rẹ́rìn-ín. Ó ní, “Ọmọ yìí ń sùn jù.”

Mo dá a lóhùn pé kó bá mi dúpẹ́, ọmọ tó ń sùn ni gbogbo ayé ń wá. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà bá mi dé ibi iṣẹ́, kò sì kúrò lọ́kàn mi.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kejì, mo pe Màámi lórí fóònù, kò gbé e. Mo tún pè. Màámi tó máa ń gbé fóònù kó tó dún tán. Ọkọ mi wà níbi iṣẹ́ ní Landover, ibi tèmi ló sún mọ́lé jù. Mo sọ fún ọ̀gá mi, mo bọ́ sínú mọ́tò. Iná ojú ọ̀nà kan dá mi dúró, ibẹ̀ ni gbogbo rẹ̀ ti tò sójú mi: iná pupa, orí tó ń fọ́ nílé tí kì í fọ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì, ọmọ tó ń sùn jù, aláàmù láàárín ṣíbí. Wọ́n kọ́ wa nílé ìwé pé gáàsì kan wà tó ń pani tí kò lóòórùn, iná tí kò rí afẹ́fẹ́ tó ló ń tú u jáde. Wọ́n kọ́ wa pé ẹ̀rọ ìka yẹn kì í mọ̀ ọ́n yàtọ̀ sí afẹ́fẹ́ gidi. Mo ti yege nínú ìdánwò yẹn. Mo pe 911, nọ́ńbà pàjáwìrì.

Ẹ̀yìnkùlé ni mo gbà wọlé. Màámi sùn sẹ́yìn lórí àga, ọmọ tó ti wẹ̀, tó ti kunra, wà láyà rẹ̀. Ìró Màámi, ìró àǹkárá rẹ̀ tó nípọn jù, ló fi dí gbogbo ihò ara ilẹ̀kùn híítà pinpin. Atẹ́gùn tútù ń gba ibẹ̀ wọlé, kò sì fẹ́ kó kan ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wẹ̀.

Ọmọ ni mo kọ́kọ́ gbé. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bi mí ìdí. Mo tẹ́ kóòtù mi sórí koríko, mo tẹ́ ẹ sí i, mo padà lọ fa Màámi lábíyá jáde. Ọmọ ń mí, ṣùgbọ́n kò ké. Bí òtútù ṣe kan Màámi, ó la ojú, ó bì. Ọ̀rọ̀ tó kọ́kọ́ sọ ni, “Ṣé ó ti ké?”

Mo ní rárá, Mà.

“Ta á látẹ́lẹsẹ̀.”

Mo ta á. Kò ké. Mo tún ta á, ẹ̀rù ń bà mí débi pé n ò gbọ́ ohùn ara mi. Ó fa ojú ro, ó ṣe bí ẹni fẹ́ sín, ó wá figbe bọnu, igbe tó mú aládùúgbò wa jáde síta. Mo jókòó sórí koríko, èmi náà sunkún.

Nígbà tí àwọn panápaná dé, ẹ̀rọ ọwọ́ wọn ti ń pariwo kí wọ́n tó wọnú yàrá náà tán. Wọ́n pa híítà, wọ́n ní ká má tún tan án mọ́ láé. Ọsibítù fún Màámi àti ọmọ ní afẹ́fẹ́ gidi fà, wọ́n sì padà wálé láàyè, ọpẹ́ ni fún Olúwa. Lọ́jọ́ tí wọ́n gbé híítà tuntun wá, Màámi tún bẹ̀rẹ̀ wò ó. Iná rẹ̀ búlúù. Ó mi orí pé ó dáa. Ọkọ mi ló fọwọ́ ara rẹ̀ kan aláàmù tuntun mọ́ ògiri, kò sì lè wo ojú mi tàbí ti Màámi.

Láti ọdún tó kọjá ni Màámi ti padà sí Ìbàdàn, ọmọ wa sì ti ń rìn. Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, mo ń din ata, òun náà wà lórí fóònù tí mo gbé ti ògiri, à ń bá ara wa sọ̀rọ̀. Aláàmù figbe ta. Ọkọ mi ti fa àga, ó ti na ọwọ́ sókè, bó ṣe mọ́ ọn lára. Ohùn Màámi jáde látinú fóònù.

“Ẹ má fọwọ́ kàn án. Ẹ jẹ́ kó ké.”

Ọkọ mi sọ̀ kalẹ̀. A ṣí gbogbo fèrèsé sílẹ̀ nínú òtútù, ọmọ wa fọwọ́ dí etí, ata ń ta wá lójú, a sì dúró títí ó fi ké tán.