Ẹ̀kùyá Tí Màámi Fi Sí Mi Lọ́wọ́

Píọ̀ wọ́tà tí mo rà ní gáréèjì Circle nílẹ̀ Gà lọ́jọ́ náà gbóná débi pé, ká ní mo ní tíì lọ́wọ́, ǹ bá kàn jù ú sí i. Mo mu ún bẹ́ẹ̀. Ìyá mi ń bọ̀ láti Nàìjíríà lọ́jọ́ Sátidé, ẹ̀kùyá wọn sì ti kú sí mi lọ́wọ́. Ẹni tó wà nínú irú wàhálà yẹn kì í bá omi jà.

Ẹ̀kùyá kì í ṣe ẹ̀fọ́ tí èèyàn ń kẹ́. Fúnra rẹ̀ ló ń hù: ewé bí ìka ọwọ́ márùn-ún, òdòdó funfun tó ní irunmú bíi ti ológbò. Oòrùn kì í pa á. O bu omi sí i, o ò bu omi sí i, kò kàn án. Ọdún kan ló ń lò láyé, á gbẹ, èso tó bá já sílẹ̀ á tún hù. Ẹ̀yìn ilé ìyá Màámi ni tiwọn ti ń hù láti kékeré wọn. Nígbà tí ẹbí ta ilẹ̀ yẹn, tí ẹni tó rà á da kọnkéré lé e, Màámi di èso tó kù sétí aṣọ, wọ́n fún mi. Wọ́n ní èmi ni mo ní ilẹ̀. Ilẹ̀ tí mo ní ni àlàfo tó wà láàárín balùwẹ̀ àti ògiri nílé tí mo háyà ní àdúgbò Madina níbí.

Mo gbìn ín, ó hù. Inú mi dùn bí ẹni tó yege ìdánwò, ohun tí n kò mọ̀ rí, torí fọ́ọ̀mù tú ni èmi àti tíṣà ti sú ara wa. Onílé wa, ìyá àgbà kan tó jẹ́ Gà, ọmọ onílẹ̀ níbí, tọrọ ẹyọ kan. Mo fún wọn, mo gbàgbé.

Màámi á pè: "Ọkọ mi, ẹ̀kùyá ńkọ́?"

"Ó wà dáadáa, Màámi."

Ó wà dáadáa lóòótọ́. Àṣìṣe wa ni pé a mọ bí wọ́n ṣe ń já a. Bí wọ́n ṣe kọ́ wa nílé ni: tó bá ti fẹ́ yọ òdòdó, já orí rẹ̀, kí ewé lè pọ̀. Ìyàwó mi já a, èmi náà já a, a fi ẹ̀gúsí sè é, à ń yin ara wa. Òdòdó kan ò rójú ọ̀run. Ọyẹ́ dé, gbogbo rẹ̀ gbẹ. Ìgbà yẹn ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wá èso.

Ìyàwó mi ní, "Bàbá àwọn ọmọ, inú yín ni kẹ́ ẹ ti wá a."

Màámi ṣì ń pè, èmi náà ṣì ń sọ pé ó wà dáadáa.

Lọ́jọ́ omi gbígbóná yẹn, mo jókòó síwájú ilẹ̀ gbígbẹ náà, mò ń to irọ́ kan nípa ewúrẹ́ tó jẹ ẹ̀kùyá. Onílé wa yọ sí mi.

"Alata, ta ló kú?" Bí wọ́n ṣe ń pe àwa ọmọ Nàìjíríà níbí nìyẹn.

Mo ṣàlàyé pẹ̀lú èdè Twi mi, tó ń rìn bí ọkọ̀ èrò trọ́trọ́ tí kò ní bíréèkì. Wọ́n rẹ́rìn-ín títí, wọ́n fà mí lọ sẹ́yìn ilé ìdáná wọn. Ẹ̀kùyá kan dúró nínú páànù ọ̀dà, ó gbẹ, èèpo èso ń rọ̀ lára rẹ̀ bí èèpo ẹ̀wà tín-ín-rín.

"Ẹ ò já a?" ni mo bi wọ́n.

"Já a ṣe kí ni? Nǹkan tó korò, tó ń rùn! Òdòdó rẹ̀ ni mo fẹ́."

Mo bọ́ fìlà, mo gbọn èso sínú rẹ̀, dúdú, wínníwínní bí ẹ̀tù ìbọn. Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Mo dá ewúrẹ́ sílẹ̀, ó lọ lálàáfíà.

Nígbà tí Màámi dé lọ́jọ́ Sátidé, mo jẹ́wọ́ gbogbo rẹ̀. Wọ́n da èso náà sí àtẹ́lẹwọ́, wọ́n wò ó, wọ́n lọ bu èyí tó pọ̀ jù sọ́wọ́ onílé, wọ́n wá yíjú sí mi.

"Ìyá yìí ni yóò máa bá mi tọ́jú ẹ̀. Ìwọ, ọkọ mi, máa jẹun."