Àwọn Tó Wá Wádìí Mi ní Bilbalogo

Màmá mi ń jó nígbà tí mo dé. Ọ̀sán gangan ni o, níwájú ìsọ̀ aṣọ rẹ̀ ní Bilbalogo, àdúgbò wa nílùú òkèèrè, àwọn ìyá tó ń tajà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀ sì ń pàtẹ́wọ́ fún un. Mo pa moto mi, alùpùpù tí mò ń gùn, mo ní kí ló dé.

"Alhamdulilahi! Wọ́n ti wá wádìí ẹ!"

Ọmọ Yorùbá mọ ohun tí ìyẹn jẹ́. Kí ìdílé kan tó wá tọrọ ọmọ, wọ́n á kọ́kọ́ rán èèyàn wá sí àdúgbò, wọ́n á rọra bèèrè irú ilé tó ti wá àti irú ẹni tó ń bá rìn. Ọjọ́ pẹ́ tí màmá mi ti ń retí wọn, torí lójú tiẹ̀, ọkọ nìkan ló lè gbà mí lọ́wọ́ iṣẹ́ oníròyìn. Àwọn ọkùnrin méjì yìí mọ́ tónítóní, wọ́n ní "barka", wọ́n dúpẹ́, nígbà tó fún wọn lómi. Wọ́n bi í níbi tí mo ń sùn. Ó sọ. Wọ́n bi í ní ọ̀nà tí mo ń gbà bọ̀ láti búrò, ọ́fíìsì wa, àti àwọ̀ moto mi. Ó sọ gbogbo ẹ̀, ó tún fi fọ́tò mi hàn wọ́n, èyí tí mo wọ léèsì.

Mo jókòó lé orí àǹkárá tó ń tà.

Lọ́sẹ̀ yẹn gan-an ni ẹnì kan ti ń pè mí lórí fóònù pé tí mo bá gbé ohùn obìnrin kan tí mo gbà sílẹ̀ ní àdúgbò Pissy sórí rédíò, wọn á wá mi tì. Òkúta ni obìnrin náà ń fọ́. Àwọn kan tó gbé ìbọn dání ló wá mú ọkọ ẹ̀ nínú ilé, kò sì sẹ́ni tó sọ ibi tí wọ́n gbé e lọ. Ohun kan ṣoṣo ló bẹ̀ mí: kí n pe orúkọ ọkọ òun síta.

Nígbà tí mo ṣàlàyé, màmá mi figbe ta. "Yéè! Ẹnu ara mi ni mo fi tà ẹ́!" Ó sunkún tán, ló bá dojú ìbínú kọ mí: mi ò gbọdọ̀ gbé e jáde, láéláé. Inú bí èmi náà.

"Ó dáa, Màmá. Ẹ jẹ́ ká jọ lọ bá obìnrin náà, kí ẹ fẹnu yín sọ fún un."

A lọ. Ọjà ló kọ́ màmá mi ní Mòoré, èdè ìlú yìí, tiẹ̀ sì já geere ju tèmi lọ. Ó bá obìnrin náà jókòó sínú eruku òkúta. Obìnrin náà ní òun ò mọ̀ bóyá kí òun ṣe opó, tàbí kí òun ṣì máa bu oúnjẹ ọkọ òun sílẹ̀ dè é. Ó ṣì ń bù ú. Opó ni màmá mi. Ó mọ ibi tí wọ́n sin bàbá mi sí, ó sì máa ń lọ ṣàdúrà níbẹ̀. Kò lè sọ ohun tó torí ẹ̀ wá.

Bá a ṣe ń bọ̀, ó gbá mi lẹ́yìn lórí moto. "Pe orúkọ ọkùnrin yẹn. Kó o pè é dáadáa o!"

Mo kó lọ sọ́dọ̀ ìbátan wa kan ní Tampouy, mo pààrọ̀ moto, mo sì pe orúkọ náà lórí rédíò. Kò pẹ́ làwọn oníwàádìí mi padà wá sí ìsọ̀.

"Áà, ẹ mà pẹ́ o," ni màmá mi wí. "Ó ti relé ọkọ."

Òun náà wá bẹ̀rẹ̀ sí í wádìí wọn: ọmọ ta ni yín? Àdúgbò wo? Níbo ni màmá yín ti ń tajà, ká lè fi obì ránṣẹ́ sí i? Gbogbo àwọn ìyá ìsọ̀ ti yí wọn ká, fóònù lọ́wọ́, wọ́n ń ya fọ́tò wọn. Wọn ò dúró mu omi lọ́tẹ̀ yìí.

Ẹ̀rù ṣì ń bà mí, mi ò ní purọ́. Ṣùgbọ́n ẹnì kan tí wọ́n dá sílẹ̀ pe rédíò wa, ó ní òun gbọ́ orúkọ yẹn, pé òun àti ọkùnrin náà jọ wà ní àtìmọ́lé, pé ó wà láàyè. Nígbà tí mo sọ fún obìnrin Pissy, ó dì mọ́ mi, a jọ sunkún.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, màmá mi pè mí. Ó ní obìnrin kan jókòó ti òun ní ìsọ̀, ó ń bèèrè mi. Òun ti bi í ní ilé bàbá ẹ̀, òun ti bi í ní ilé ọkọ ẹ̀, òun ti rán èèyàn lọ wò ó níbẹ̀.

"Tètè gbé ẹ̀rọ tó o fi ń gba ohùn sílẹ̀ wá," ó ní. "Ọmọ ẹ̀ ni wọ́n gbé lọ."