Apá Bàbá Yésúfù

Ní agboolé wọn l'Óníyanrìn, kò sẹ́ni tó mọ irú dókítà tí Ràbíátù jẹ́ gan-an. Wọ́n mọ̀ pé ó kàwé, tó tún lọ fi ọdún mẹ́rin kún un ní Gúúsù Áfíríkà. Ṣùgbọ́n nígbà tó dé, kì í gún ẹnikẹ́ni lábẹ́rẹ́ ibà, kì í gbẹ̀bí. "Dókítà oníyàwòrán" ni wọ́n ń pè é. Àwọn ìyàwó ilé a tiẹ̀ máa bi í bóyá ó lè bá wọn ya fọ́tò Iléyá. Ràbíátù a rẹ́rìn-ín, a ní òun ò gbé kámẹ́rà òun wálé.

Àkíbù, bàbá rẹ̀, ló sapá jù láti mọ̀ ọ́n. Iṣẹ́ aṣọ lílù ni Àkíbù ń ṣe, òun àti Yésúfù àbúrò rẹ̀. Bí wọ́n bá hun aṣọ tán tí wọ́n sì rẹ ẹ́ láró, àwọn ni wọ́n ń gbé e lé ìtì igi, tí wọ́n á kojú síra wọn, tí wọ́n á máa fi olùgbóńgbó lù ú títí yóò fi máa dán. Olùgbóńgbó yẹn ló rán Ràbíátù níléèwé. "Kí lo tiẹ̀ ń wò gan-an?" ni Àkíbù máa ń bi í. Ó kú kó tó gbọ́ ìdáhùn tó tẹ́ ẹ lọ́rùn, ó sì ń dun ọmọ rẹ̀ títí dòní.

Ohun tó ń wò kò le, bí a bá sọ ọ́ bó ti yẹ. Wọ̀bìà ni jẹjẹrẹ, ó máa ń jẹ ṣúgà ju ọ̀pọ̀ ẹran ara yòókù lọ. Ràbíátù àti àwọn èèyàn rẹ̀ a fi ìtànṣán díẹ̀ sára ṣúgà, wọn a fi abẹ́rẹ́ fà á sára aláìsàn, wọn a ní kó sinmi, ẹ̀rọ a sì yà á láti orí dé itan. Ibi tí wọ̀bìà náà bá ti ń jẹun, ibẹ̀ ni yóò tàn yòò. Èkó ni oògùn ṣúgà náà ti ń wá láàárọ̀, kì í sì í dúró de ẹnikẹ́ni: kó tó pé wákàtí méjì, ìdajì agbára rẹ̀ ti lọ. Ìdí nìyí tí Ràbíátù kì í fi í bá awakọ̀ tó ń gbé e wá ṣeré.

Lọ́dún tó kọjá, wọ́n rí jẹjẹrẹ nínú ìfun Yésúfù. Dókítà oníṣẹ́ abẹ ní bó bá wà lójú kan, òun á gé e kúrò. Bó bá ti tàn, òun ò ní fi ọ̀bẹ kàn án. Kí wọ́n máa bá a dín ìrora kù nílé ni. Àwòrán ló máa sọ èyí tó jẹ́.

Ọjọ́ tí wọ́n yà á, Dókítà Samuel, ọ̀dọ́kùnrin tó ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ Ràbíátù, ló kọ́kọ́ wo àwòrán náà. Ó ti kọ èsì rẹ̀ sílẹ̀ kó tó wá bá ọ̀gá rẹ̀.

"Ẹ má bínú, mà. Mo mọ̀ pé ẹbí yín ni. Ó ti dé èjìká, ó ti dé ẹ̀yìn. Gbogbo apá ọ̀tún ló ń tàn."

Ràbíátù jókòó. Bí a bá ń sunkún, à á máa ríran. Ó wo apá náà dáadáa. Ìmọ́lẹ̀ náà kò ṣù jọ kókó-kókó bíi ti jẹjẹrẹ. Ó nà gbọọrọ ni, ó tẹ̀ lé iṣan láti ọrùn-ọwọ́ dé èjìká, ó sì yí gba ẹ̀yìn. Ó mọ apá yẹn. Láti kékeré ló ti ń wò ó bó ṣe ń lọ sókè tó ń bọ̀ nílẹ̀.

Ó jáde lọ bá Yésúfù níbi tó jókòó sí, tó ń fa tẹ̀sùbáà.

"Bàbá, kí lẹ ṣe láàárọ̀ yìí?"

"Mi ò ṣe nǹkan kan. Mi ò jẹun, mi ò mu tíì. Omi lásán ni mo mu, bí o ṣe wí."

"Ẹ ò lu aṣọ?"

Bàbá wò ó bí ẹni tí wọ́n bi bóyá ó mí. "Aṣọ ńkọ́? Ìyẹn náà la wá ń pè ní nǹkan?"

Wọ́n ti kìlọ̀ fún un pé kó má ṣe iṣẹ́ agbára fún ọjọ́ méjì. Ṣùgbọ́n ẹni tó ti ń lu aṣọ láti ọmọ ọdún mẹ́sàn-án kò mọ̀ ọ́n níṣẹ́ agbára mọ́. Bó ti kírun àsùbáà tán ló jókòó ti ìtì igi, ó sì lu aṣọ mẹ́ta kó tó wọ mọ́tò. Àti ìgbà tí Àkíbù ti kú, òun nìkan ló ń lu ti ẹni méjì.

"Kí ló ń lé yín, Bàbá?"

"Aṣọ oníláṣọ ni, Ràbí. Mi ò fẹ́ kí wọ́n máa wá a kiri lẹ́yìn mi."

Ràbíátù padà wọlé, ó fa ìwé tí Samuel kọ ya.

"Ilé là ń wò ká tó sọmọ lórúkọ," ló sọ fún un. "Iṣan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣiṣẹ́, ebi ń pa òun náà. Apá Bàbá ti jẹ ṣúgà tó yẹ kó dé inú. A ò mọ ohun tó wà níbẹ̀, rere ni o, búburú ni o. A ó tún un yà."

Kò bá a wí. Ó mọ̀ pé ká ní ilé mìíràn ni wọ́n bí òun sí, òun náà ì bá fọwọ́ sí i.

Oògùn ọjọ́ náà ti tán, ó di ọ̀sẹ̀ kejì. Nígbà tó ku ọjọ́ mẹ́ta, Ràbíátù fúnra rẹ̀ wa mọ́tò gba Bẹẹrẹ lọ sílé, ó gbé olùgbóńgbó Yésúfù sínú bùùtù, ó gbé ti Àkíbù náà, nítorí ó mọ ẹni tó ń bá lò. Bushrah, ìyàwó Yésúfù, ló bá a tilẹ̀kùn bùùtù. Bàbá fajú ro, kò sì bá ẹnì kankan nínú àwọn méjèèjì sọ̀rọ̀ títí ilẹ̀ fi ṣú.

Nínú àwòrán kejì, apá dúdú, èjìká dúdú, ẹ̀yìn dúdú. Ojú kan ṣoṣo ló tàn nínú ìfun, kò sì sí òmíràn níbikíbi. Dókítà oníṣẹ́ abẹ mú ọjọ́.

Ràbíátù tẹ́ àwòrán méjèèjì síwájú Yésúfù kó lè fi ìhìn rere náà hàn án. Bàbá ní àlùhámúdùlílàhì, ṣùgbọ́n ti àkọ́kọ́ ló ń wò. Ó fi ìka tọ ìmọ́lẹ̀ náà láti ọrùn-ọwọ́ gòkè.

"Apá mi nìyí?"

"Apá yín ni, Bàbá."

"Gbogbo aṣọ tí mo mú dán, ẹlòmíì ló wọ̀ ọ́ jáde. Mi ò mọ̀ pé nǹkan kan ń dán lára tèmi." Ìka rẹ̀ dé èjìká. "Ti Àkíbù náà ì bá rí báyìí?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, Bàbá."

Yésúfù ká àwòrán tí kò wúlò fún wọn mọ́ náà, ó fi í sábẹ́ abíyá.

"Bí èmi àti bàbá ẹ bá pàdé ní àlùjánnà, màá sọ ohun tí o ń wò fún un," ló wí. "Àmọ́ kì í ṣe ọdún yìí."