Ọjọ́ tí “Màá pa ẹ́” dé kóòtù

N kò lè gbàgbé ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ la ẹnu ní kóòtù òyìnbó, nígbà tí mo ń kọ́ òfin lókè òkun, tí mo sì ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ lọ́yà kan. Ìjọba fẹ́ gba ọmọ lọ́wọ́ obìnrin Oǹdó kan tí lọ́yà náà ń gba ẹjọ́ rẹ̀ rò, torí ó fi fóònù kọ ọ́ sí ọmọ náà pé: “Tètè wálé, màá pa ẹ́ lónìí!”

Obìnrin náà di ọwọ́ mi mú. “Ọmọ Àkúrẹ́, jọ̀ọ́, bá mi ṣàlàyé fún wọn!”

Wọ́n gbà mí láyè, mo dìde, mo ní ọ̀rọ̀ ìbáwí lásán ni lẹ́nu ìyá Yorùbá.

Adájọ́ tẹjú mọ́ mi. “Báwo lo ṣe mọ̀ pé kò ní pa á?”

“Olúwa mi, láràárọ̀ ni ìyá mi ń pa mí kí n tó lọ iléèwé.”

Adájọ́ bú sẹ́rìn-ín, ó sì ní kí ọmọ máa bá ìyá rẹ̀ lọ.

Mo ròyìn fún ìyá mi l'Ákùúrẹ́ lórí fóònù. Ó pariwo: “O dárúkọ mi ní kóòtù? Ṣáà padà wálé, màá pa ẹ́!”