Ọta Tí Kò Bá Ìbọn Mu

Ilẹ̀ tí bàbá Leif Tveit fi sílẹ̀ fún un ní Montana kò kéré: màlúù wà níbẹ̀, pápá koríko wà níbẹ̀. Ó tún jogún ìbọn tẹ́ẹ́rẹ́ tí wọ́n fi ń pa ọ̀kẹ́rẹ́ ilẹ̀. Àwọn ọ̀kẹ́rẹ́ yìí gan-an ló fẹ́ sọ ọ́ di aláìní. Wọ́n ń jẹ koríko, wọ́n ń gbẹ́ ihò káàkiri. Abo ẹṣin rẹ̀ kán lẹ́sẹ̀ nínú ihò kan lọ́dún tó kọjá. Bí koríko bá tún bàjẹ́ lọ́dún yìí, màlúù ò ní rí nǹkan jẹ nígbà òtútù. Kó ta ilẹ̀ náà ló kù.

Ìbọn ò wọ́n án, ọta ni ìṣòro. Àṣà àwọn àgbẹ̀ ibẹ̀ ni láti fi òkú ọ̀kẹ́rẹ́ sílẹ̀ fún àṣá. Ṣùgbọ́n ọta òjé máa ń fọ́ wẹ́wẹ́ sínú ẹran, àṣá a sì gbé májèlé mì. Corliss, ìyàwó Leif, jókòó ti àṣá kan tó ń gbọ̀n lábẹ́ igi títí tó fi kú.

"Leif, bí òjé bá tún wọ pápá yẹn, ara rẹ ni wàá máa dáná fún o."

Leif búra pé ó parí. Ó ra ọta bàbà ní ṣọ́ọ̀bù obìnrin kan tó ń jẹ́ Marvel, ó sì yàn án bí bàbá rẹ̀ ṣe kọ́ ọ: wo ìwọ̀n rẹ̀, kó bá ti tẹ́lẹ̀ dọ́gba. Ta ló ń wo gígùn? Bẹ́ẹ̀, bàbà fúyẹ́ ju òjé lọ. Kí ìwọ̀n méjèèjì tó dọ́gba, ti bàbà ní láti gùn. Ìbọn àtijọ́ ò sì lágbára àtiyí ọta gígùn bí òkòtó, kó lè lọ tààrà. Nígbà tó dán an wò lára páálí, ihò náà ò rí roboto rárá. Ẹ̀gbẹ́ ni ọta fi wọlé.

Ó gbé páálí náà lọ fún Marvel. Obìnrin náà rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀.

"Ọ̀rẹ́ mi, ṣé ihò kọ́kọ́rọ́ lo ń gbẹ́ ni? Gba èyí tó kúrú, tó fúyẹ́."

"Afẹ́fẹ́ ńkọ́? Á gbé e lọ bí ìyẹ́ adìyẹ."

"Sún mọ́ wọn."

"Pẹ̀lú orúnkún mi tó ń dùn mí yìí?"

"Ra ìbọn tuntun, nígbà náà."

"Kí n ta màlúù ra ìbọn? Koríko ta ni kí n wá máa fi ṣọ́?"

Ó gba èyí tó kúrú.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ó fàyà fà wọ inú pápá. Ó pa díẹ̀, kí afẹ́fẹ́ tó dé. Lẹ́yìn náà, ọta kàn ń gba ẹ̀gbẹ́ wọn kọjá. Corliss rọra rìn wá sẹ́yìn rẹ̀.

"Dìde, jàre. Oúnjẹ ti tutù."

"Má sọ̀rọ̀ sókè. Bí mo bá dìde, gbogbo wọn á wọlẹ̀."

"Yìnbọn, nígbà náà."

"Á tàsé."

"Títí dìgbà wo?"

Leif tún na ìbọn sí wọn. Ó dojúbolẹ̀ síbẹ̀, ìka rẹ̀ lára ìbọn, kò lè yìn ín, kò lè dìde. Níwájú rẹ̀, àwọn ọ̀kẹ́rẹ́ ń jẹ koríko lọ ní tiwọn.