Iyán Àlejò

Títí di òní, bí mo bá gbọ́ ìró odó lọ́sàn-án, inú a máa bí mi.

Ẹgbẹ́ aṣèrànwọ́ ìlú wa ní Tchaourou máa ń jẹun pọ̀ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Lọ́jọ́ kan, nígbà ìjọba ológun tó ń pe ara rẹ̀ ní Refolusíọ̀n, wọ́n ní aṣojú ìjọba ilẹ̀ òkèèrè ń bọ̀ wá bá wọn sọ̀rọ̀, kí ìyá mi gúnyán. Olórí ẹgbẹ́, tí àwa ọmọdé ń pè ní Tonton, wọ abà wa, ó kó àwọn iṣu kéékèèké tó kù níbẹ̀.

Màmá ní, “Ẹ̀gbọ́n, iṣu jíjẹ kọ́ nìyẹn.”

Ó ní, “Kamaráàdì, Refolusíọ̀n kì í febi pa àlejò.”

Àlejò fi ṣíbí bu iyán náà lẹ́ẹ̀kan, ó ti àwo sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó dìde, ó ní kí àgbẹ̀ máa gbára lé ara rẹ̀. Gbogbo wọn pàtẹ́wọ́. Èmi náà pàtẹ́wọ́, nítorí iyán ilé wa ni òyìnbó jẹ. Tonton da ìyókù fún ajá.

Màmá ní, “Oko wa ló ń jẹ yẹn.” Mo rẹ́rìn-ín.

Mo dàgbà kí n tó mọ̀ pé èbù ni wọ́n gún. Òjò dé, ó rọ̀ sórí ebè tí bàbá mi ti kọ sílẹ̀, kò sì sí nǹkan kan nínú wọn.